Orí Kẹrin: Ẹ Má Dáná Sun Pòròpórò Yín

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń mú bọ̀, iná ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ fi ń palẹ̀ oko mọ́. Láti Ìgbòtako dé Ìlú-Titun, láti Ìkòyà dé Òde-Ìrèlè, ẹni tó bá ti ya àgbàdo ìgbà kejì tán á wọ́ pòròpórò jọ, á ṣáná sí i, á wá gbé ewé tútù dání kí iná má lọ ran oko ọ̀pẹ ẹlòmíì. Ilẹ̀ kì í tíì ṣú tí oko á ti mọ́. Níbi tí a ti ń ṣe epo pupa náà, ìdì ẹyìn tí wọ́n ti ṣẹ́ ọmọ kúrò lára rẹ̀ á ga gegere. Wọ́n á sun ún, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa rùn nínú òjò.

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo èyí jọ ní òkìtì, kó jẹrà di ajílẹ̀, kó sì padà sínú ilẹ̀ rẹ̀ ni a kọ orí yìí fún. Ohun èlò rẹ̀ kò ju àdá, fọ́ọ̀kì oko, agbọ̀n, ìgbẹ́ adìyẹ, imọ̀ ọ̀pẹ àti sùúrù bí oṣù mẹ́ta lọ.

Ẹjọ́ iná

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ẹnu iná ná kí a tó dá a lẹ́bi. Ẹni tó ń sun oko kì í ṣe òmùgọ̀. Iná ń pa èso èpò, ó ń lé ejò, ó sì ń dín iṣẹ́ ọwọ́ kù fún ẹni tí kò rí alágbàṣe. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni eérú. Ilẹ̀ wa jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn tí òjò ti ń fọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ilẹ̀ tó kan ni. Eérú máa ń pa kíkan náà, ìdí nìyẹn tí irè fi ń dára lọ́dún tí a bá sun oko tuntun. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ bí eérú ìdì ẹyìn ti lágbára tó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí iná gbà lọ. Nítrójìn, oúnjẹ tó ń mú kí ewé dúdú mìnìjọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èéfín lọ tán. Sọ́fúrù náà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá a lọ. Pótáṣì àti fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì ló kù sínú eérú, eérú náà sì wà lórí ilẹ̀ gbalasa ní oṣù kejì, ó ń dúró de òjò oṣù kẹta. Òjò Ìkálẹ̀ kì í rọ̀ pẹ̀lẹ́. Bí ó bá kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, eérú tí kò tíì wọlẹ̀ ti bá àgbàrá lọ sí ipadò. Àgbẹ̀ á wá lọ sí Òkìtìpupa lọ ra àpò ajílẹ̀ NPK láti fi san gbèsè ohun tó ti sun. Owó epo, owó ọkọ̀, owó àpò: mo rò pé ẹni tó bá jókòó ṣírò rẹ̀ á dá ìṣáná rẹ̀ padà sápò.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí a kò rí

Nínú ṣíbí tíì kan tó kún fún ilẹ̀ oko tó dára, bakitéríà tó wà níbẹ̀ lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù. Ẹni tó bá ń ṣe púpurú kò nílò àlàyé gígùn lórí iṣẹ́ wọn. Ó bó ẹ̀gẹ́, ó rẹ ẹ́ sínú omi, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ̀gẹ́ tó le koko ti rọ̀ débi pé ọwọ́ lásán ń fọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò gún un. Bakitéríà ló jẹ ohun tó so ó pọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni a fẹ́ gbé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó wà nínú ilẹ̀, àyàfi pé pòròpórò le ju ẹ̀gẹ́ lọ, ó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ níbi tí ẹ̀gẹ́ ti ń fẹ́ omi.

Ohun mẹ́ta ló wà nínú pòròpórò. Àkọ́kọ́ ni ṣúgà àti ohun rírọ̀ mìíràn, èyí tí ọ̀pọ̀ bakitéríà lè jẹ kíákíá. Èkejì ni sẹ́lúlóòsì, ìyẹn okùn tín-tìn-tín tó ń mú koríko dúró ṣánṣán. Ìkẹta ni lígínì, èyí tó ń mú igi le, òun ló sì ṣòroó jẹ jù lọ. Nítorí náà ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Àwọn tó ń jẹ ṣúgà ló máa kọ́kọ́ dé, ìgbóná ara wọn sì ni yóò lé àwọn fúnra wọn lọ. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó fẹ́ràn ooru, irú bíi Bacillus, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbi tí ọwọ́ ènìyàn kò lè gbà. Nígbà tí òkìtì bá ń tutù bọ̀, ẹ ó rí ohun funfun kan tó dà bíi fọ́nrán tàbí eérú lára koríko. Ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́. Àwọn Streptomyces nìyẹn, àwọn ló ń fún ilẹ̀ ní òórùn tí a máa ń gbọ́ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kan erùpẹ̀. (Ara ìran wọn náà ni a ti rí oògùn streptomycin tó kọ́kọ́ wo ikọ́ fée, ní 1943, ní yàrá ìwádìí Selman Waksman ní Amẹ́ríkà. Albert Schatz, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ló rí i. Waksman yìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ewé ṣe ń jẹrà kó tó kan oògùn.) Lígínì ni a fi sílẹ̀ fún ẹbí olú, wọn kì í sì í kánjú.

Ohun tí wọ́n ń béèrè

Ní Rothamsted, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, H. B. Hutchinson àti J. Clayton kọ nípa bakitéríà kan ní 1919, èyí tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ oko níbẹ̀, tó jẹ́ pé sẹ́lúlóòsì ni oúnjẹ rẹ̀. Orúkọ Hutchinson ló wà lára rẹ̀ títí dòní: Cytophaga hutchinsonii. Ní 1921, òun àti E. H. Richards gbé e síwájú. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí koríko gbígbẹ kì í fi í tètè jẹrà bí a tilẹ̀ da omi sí i. Ìdáhùn wọn ni pé bakitéríà wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, nítrójìn ni kò tó. Wọ́n rí i pé bí a bá fi nítrójìn tó tó nǹkan bí 0.7 kílò kún 100 kílò koríko gbígbẹ, ó ń di ajílẹ̀ tó jọ ti ilé ẹran, láìsí màlúù kankan nítòsí. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1931, Albert Howard àti Yeshwant Wad tẹ ìwé kan jáde lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe òkìtì bẹ́ẹ̀ ní Indore ní Íńdíà, pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù àti ewé oko. Ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ayé ṣì ń tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìṣirò náà wá sí oko tiwa. Nínú 100 kílò pòròpórò àgbàdo gbígbẹ, kábọ́nù tó nǹkan bí 40 kílò, nítrójìn kò ju bí 0.7 kílò lọ. Ìyẹn ni pé kábọ́nù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 60 nítrójìn. Ohun tí bakitéríà ń fẹ́ ni ìlọ́po 25 sí 30. Bí ẹ bá fi 30 kílò ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ kún un, ẹ ti débẹ̀ tán. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi bí 60 kílò sí i. Bí ẹ̀yin kò bá rí ìgbẹ́ rárá, kílò kan ààbọ̀ yùríà tí a pò mọ́ omi tí a sì fi wọ́n ọn lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ wá erùpẹ̀ òkìtì àtijọ́ kún un nítorí yùríà kò ní oúnjẹ irúgbìn mìíràn nínú yàtọ̀ sí nítrójìn. Ewé tútù náà dára. Ewé Akíntọ́lá wà ní gbogbo igbó wa. Ewéko olódòdó yẹ́lò tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tithonia, ló sì sàn jù, torí nítrójìn pọ̀ nínú ewé rẹ̀. Ẹ gé e kó tó so èso. Omi ló pọ̀ jù nínú ewé tútù, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wúwo ju pòròpórò tí ẹ fẹ́ pò ó mọ́ lọ kó tó lè ṣiṣẹ́ ìgbẹ́ adìyẹ.

Ẹ ṣọ́ra fún ìgbẹ́ tó wá láti ilé adìyẹ tí wọ́n da ìyẹ̀fun igi sí. Bí ìyẹ̀fun igi bá pọ̀ jù ú lọ, ẹ kàn ń gbé kábọ́nù lé kábọ́nù ni.

Ẹ ó béèrè pé ta ló máa máa wọn nǹkan lóko. Ẹ yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń ra kòkó fún wákàtí kan. Ẹ wọn agbọ̀n pòròpórò gígé kan, ẹ wọn agbọ̀n ìgbẹ́ kan. Láti ìgbà náà lọ, agbọ̀n ni kí ẹ máa kà. Ojú lásán máa ń tan ènìyàn jẹ níbi yìí, nítorí pòròpórò fúyẹ́, ìgbẹ́ sì wúwo. Ẹni tó bá ń da agbọ̀n kan ìgbẹ́ sí agbọ̀n mẹ́ta pòròpórò ti da ìgbẹ́ rẹ̀ nù, òórùn rẹ̀ á sì sọ fún gbogbo àdúgbò.

Òjò ni ọ̀tá, òun náà ni ọ̀rẹ́

Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ilẹ̀ tí òjò ti ṣọ̀wọ́n ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọ́n á ní kí ẹ gbẹ́ kòtò kí ẹ sì rọ gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀ kí omi má bàa gbẹ. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Òkìtìpupa ní oṣù kẹfà, adágún ni ẹ ṣe. Òjò tiwa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ó ń pọ̀ sí i dé oṣù keje, ó ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó tún ń padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Orí ilẹ̀ ni kí òkìtì wà, kó sì ní òrùlé.

Ẹ yan ibi tó ga díẹ̀, tó ní ibòòji, tó sì jìnnà sí kànga àti odò. Ẹ la poro kékeré yí i ká kí àgbàrá má wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ to ẹ̀ka igi tàbí ìdí imọ̀ ọ̀pẹ sílẹ̀, kó nípọn tó bí ẹsẹ̀ bàtà kan, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ìsàlẹ̀ wọlé. Àwọn kan máa ń fo ìpele yìí, wọ́n á ní ó ń jẹ àkókò. Bí òkìtì wọn bá wá ń rùn, bakitéríà ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé pòròpórò sí wẹ́wẹ́, kó má gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èèpo ara pòròpórò gbígbẹ ń dán, omi kì í tètè wọ̀ ọ́, nítorí náà ẹ tẹ̀ ẹ́ fọ́, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ fún òjò kan tàbí méjì kí ẹ tó kó o jọ. Ṣùkù àgbàdo le jù, ẹ fọ́ ọ tàbí kí ẹ mú un kúrò. Háhá kò ní wàhálà.

Ẹ tẹ́ pòròpórò tó ga tó bí ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ wọ́n ìgbẹ́ lé e, ẹ bu erùpẹ̀ díẹ̀ láti abẹ́ igi ọ̀pẹ tó ti wó tàbí láti inú òkìtì àtijọ́ sí i, ẹ wọ́n omi, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀nba erùpẹ̀ yẹn ni irúgbìn bakitéríà yín. Ẹ máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ga tó mítà kan ààbọ̀, kó fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì. Gígùn rẹ̀ kò ní òpin. Òkìtì tí kò tó mítà kan ní gbogbo ọ̀nà kì í gbóná tó, nítorí ooru rẹ̀ á máa sá jáde kó tó pọ̀. Ẹ ṣe orí rẹ̀ ṣóńṣó, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó gẹ́gẹ́ bí ẹni ń bo ilé, tàbí kí ẹ da tapolíìnì bo òkè rẹ̀ ní oṣù kẹfà sí ìkeje àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà ní ṣíṣí.

Nípa omi, ọwọ́ ni òṣùwọ̀n. Ẹ bu ẹ̀kún ọwọ́ kan láti àárín òkìtì, ẹ fún un. Bí omi bá kán sílẹ̀ ní ẹ̀kán díẹ̀, ó dára. Bí ó bá ń ṣàn, ẹ tú u kó gbẹ díẹ̀ kí ẹ sì fi pòròpórò gbígbẹ kún un. Bí ọwọ́ yín kò bá tutù rárá, ẹ wọ́n omi, pàápàá ní oṣù kejìlá. Òkìtì gbígbẹ ni ikán fẹ́ràn.

Ooru, àti bí a ṣe ń yí i

Ẹ ti irin gígùn kan bọ inú òkìtì. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ẹ fà á yọ, ẹ dì í mú. Bí ó bá gbóná débi tí ẹ kò lè dì í mú pẹ́, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Inú òkìtì tó dára máa ń gbóná tó 55 sí 65°C, ooru yẹn sì ń pa èso èpò àti ọ̀pọ̀ àrùn irúgbìn bí iná ti ń pa wọ́n, láìsun nítrójìn. Bí ó bá ń kọjá 70°C, bakitéríà náà á máa kú. Ẹ tètè tú u, ẹ wọ́n omi sí i.

Bí ó bá wá tutù, ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ yí i. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ wọ àárín, kí èyí tó wà láàárín bọ́ síta. Afẹ́fẹ́ tuntun á tún dá ooru padà. Ẹ yí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Iṣẹ́ alágbára ni, n kò ní tàn yín; ẹ ṣe é ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sì rántí bàtà àti ìbọ̀wọ́, nítorí àkekèé àti ejò náà mọ̀ pé inú òkìtì ń móoru.

Imú yín ni olùtọ́jú òkìtì. Bí ó bá ń ta yín nímú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́, nítrójìn ti pọ̀ jù, ó sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ fi pòròpórò kún un. Bí ó bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, afẹ́fẹ́ kò wọlé, ẹ yí i lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá rùn rárá tí kò sì gbóná, ó gbẹ, tàbí ebi nítrójìn ń pa á. Lẹ́yìn oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, òkìtì á ti lọ sílẹ̀ tó ìdajì, á ti dúdú, á máa run bí ilẹ̀ igbó, ẹ kò sì ní lè dá pòròpórò mọ̀ lára rẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ló tó lò.

Ààtàn tó ń kọ ẹ̀gbin

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Ààtàn tiwa yìí ń kọ. Ọ̀rá, ìgò, bátìrì, ẹran òkú, ìgbẹ́ ènìyàn: kò gbà wọ́n. Koríko tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn apakoríko sí kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.

Eérú náà, èyí tí púpọ̀ nínú yín máa ń kó láti abẹ́ ibi tí a ti ń yan púpurú, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ nínú òkìtì. Eérú máa ń lé nítrójìn ìgbẹ́ náà jáde. Ẹ kó o pamọ́ síbi tí òjò kò dé, kí ẹ wá fọ́n ọn sí oko tààrà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú gbígbìn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe ń rí àǹfààní tí ẹni tó ń sun oko ń rí, láìsun oko.

Èèpo ẹ̀gẹ́ ṣeé lò dáadáa. Ẹ sá a sí oòrùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ tó pò ó mọ́ pòròpórò. Májèlé tó wà nínú èèpo ẹ̀gẹ́ ń dínkù nínú oòrùn, bakitéríà sì ń pa èyí tó kù. Wàhálà rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ewúrẹ́ á ti jẹ ẹ́ kó tó dé òkìtì.

Ìdì ẹyìn

Ọ̀rọ̀ yìí tó gbé dání fún ilẹ̀ Ìkálẹ̀, torí ọ̀pẹ ni ilẹ̀ wa, láti oko ńlá Òkìtìpupa Oil Palm dé ọ̀pẹ márùn-ún tó wà lẹ́yìn ilé ìyá àgbà. Nínú tọ́ọ̀nù kan ìdì ẹyìn tí a bá gbé wálé, bí 220 kílò ló máa ṣẹ́kù gẹ́gẹ́ bí ìdì òfìfo. Pótáṣì pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì le. Bí ẹ bá fẹ́ kó jẹrà nínú òkìtì, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ fún un ní ìgbẹ́ adìyẹ bíi ti pòròpórò, kí ẹ sì fún un ní oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà dípò mẹ́ta. Olú kan tí a ń jẹ máa ń hù lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí olú tó ń pani wò ó kó tó dé ìkòkò.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ má ṣe òkìtì rẹ̀ rárá. Ẹ tò ó yí ìdí ọ̀pẹ ká ní ìpele kan ṣoṣo, kó jìnnà díẹ̀ sí ara igi náà. Bakitéríà inú ilẹ̀ á máa jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òjò á máa fọ pótáṣì rẹ̀ wọ ilẹ̀ níbi tí gbòǹgbò wà, ilẹ̀ kò sì ní gbẹ ní ìgbà ọyẹ́. Báyìí ni wọ́n ń ṣe nínú oko ńlá ní Malaysia. Ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni ọ̀pẹ yẹn ti wá sí apá ibẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Mẹ́rin péré ni wọ́n gbìn sí Bogor ní erékùṣù Java ní 1848. A kò ní tìjú láti kọ́ ìtọ́jú ọ̀pẹ lọ́dọ̀ àwọn tó gba ọ̀pẹ lọ́wọ́ wa.

Ìpele kan ṣoṣo ni mo wí. Kòkòrò oníwo ńlá tó ń lu àárín ọ̀pẹ, Oryctes, inú ìdì ẹyìn àti ìtì ọ̀pẹ tó ń jẹrà ló ń yé ẹyin sí. Bí ẹ bá kó o jọ gegere tí ẹ sì gbàgbé rẹ̀, ìdin rẹ̀ á dàgbà níbẹ̀, yóò di kòkòrò, yóò sì wá jẹ ọ̀pẹ kékeré yín. Bí ẹ bá ń yí òkìtì tí ẹ sì rí ìdin funfun tó tó àtàǹpàkò, ẹ ṣà á kúrò.

Ṣé kí n ra bakitéríà inú ìgò?

Wọ́n ń tà á. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni àpòpọ̀ bakitéríà àti ìwúkàrà tí Teruo Higa ṣe ní Okinawa ní Japan ní àwọn ọdún 1980. Ní Íńdíà, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Pusa ní New Delhi ṣe tiwọn láti ara ẹbí olú, ìjọba Delhi sì fín in sí oko ìrẹsì ní 2020. Ìdí wà. Láàárín ìgbà tí àgbẹ̀ ibẹ̀ kórè ìrẹsì sí ìgbà tó gbọ́dọ̀ gbin àlìkámà, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, òtútù sì ti ń dé. Bí kò bá rí ohun tó yára, iná ni yóò dá, èéfín rẹ̀ á sì bo ìlú Delhi.

Àgbẹ̀ Ìkálẹ̀ kò sí nínú irú ìkánjú bẹ́ẹ̀. Ooru wà, omi wà, bakitéríà sì kún ilẹ̀ wa fọ́fọ́. Ohun tí Hutchinson àti Richards rí ní 1921 ṣì dúró: nítrójìn ló sábà ń wọ́n. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ìgò kan, ẹ fi ra àpò ìgbẹ́ adìyẹ. Ẹ̀yìn tí òkìtì yín bá ti ń gbóná dáadáa ni ẹ lè dán ìgò wò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì mìíràn tí kò ní i, kí ẹ fi ojú ara yín rí bóyá ìyàtọ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti sọ àṣẹ́kù gbogbo di ohun ìlò, kó dé ibùdó Songhai ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, èyí tí Bàbá Godfrey Nzamujo, àlùfáà ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní 1985. Kò jìnnà sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ ro ó mọ́lẹ̀

Àwọn kan á ní kò sí ìdí fún òkìtì, kí a kàn ro pòròpórò mọ́ ilẹ̀ kí a sì gbin nǹkan sí i. Ó ṣeé ṣe, bí ẹ bá fún un lákòókò. Nígbà tí koríko gbígbẹ bá wọlẹ̀, bakitéríà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, wọn kò sì ní rí nítrójìn tó nínú rẹ̀, wọ́n á wá gba èyí tó wà nínú ilẹ̀. Bí àgbàdo yín bá hù ní àkókò yẹn, ewé rẹ̀ á máa pọ́n láti ìsàlẹ̀ wá, ẹ ó sì rò pé àrùn ni. Ebi ni. Nítorí náà, ẹ ro ó mọ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú gbígbìn, kí ilẹ̀ sì ní omi, tàbí kí ẹ fi ìgbẹ́ tẹ̀lé e. Bí ẹ kò bá lè dúró, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ láàárín poro. Níbẹ̀ kì í jí nítrójìn gbòǹgbò, ó sì ń dá àgbàrá dúró. Rattan Lal ṣe iṣẹ́ lórí irú títẹ́ báyìí ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1970, ó sì gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 2020 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀.

Ìgbà wo, ìwọ̀n wo

Oṣù kẹjọ ni mo fọwọ́ sí jù. Àgbàdo àkọ́kọ́ ti wálé, òjò sinmi díẹ̀, pòròpórò ṣì ní omi díẹ̀ nínú, kò le jù. Òkìtì oṣù kẹjọ á pọ́n ní oṣù kọkànlá, ó sì bọ́ sí àkókò fún ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́, ilá àti ata sí àkùrọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òkìtì oṣù kejìlá ń béèrè omi pípọn, ṣùgbọ́n ó ń tó fún gbígbìn oṣù kẹta sí ìkẹrin.

Bí ẹ bá gbin ẹ̀gẹ́ ní mítà kan sí mítà kan, ìdí ẹ̀gẹ́ 10,000 ló máa wà lórí hẹ́kítà kan. Ìdajì kílò fún ìdí kọ̀ọ̀kan ń di tọ́ọ̀nù márùn-ún ní hẹ́kítà, ìyẹn sì tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bo ó mọ́lẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ fún oòrùn. Bí òkìtì kò bá tó gbogbo oko, ẹ má fọ́n ọn ká tí kò ní hàn níbì kankan. Ẹ lò ó tó bó ṣe yẹ lórí ilẹ̀ tó ti rẹ̀ jù, kí ẹ sì fi apá kan sílẹ̀ láìfi sí, kí ẹ lè wọn irè méjèèjì lọ́jọ́ ìkórè.

Ajílẹ̀ yìí kò ní kí ẹ pa NPK tì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítrójìn rẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀, apá kan ní ọdún àkọ́kọ́, ìyókù ní ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tí àgbàdo ń fẹ́ tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ dín NPK kù díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń dúdú sí i. Kí ẹ tó pinnu iye tí ẹ ó dín, ẹ bu erùpẹ̀ láti ibi mẹ́wàá nínú oko, ẹ pò ó pọ̀, ẹ sá a gbẹ nínú ibòòji, kí ẹ gbé kílò kan rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ irúgbìn àti ilẹ̀ ní yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, kí ẹ sì béèrè bí ilẹ̀ yín ti kan tó. Ìdáhùn yẹn ló máa sọ fún yín bóyá eérú ni oko yín ń fẹ́ ní ọdún yìí, tàbí nítrójìn.